CBT: ohun tó lè ṣe fún ọkàn ẹni, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ní ìpàdé àwọn obìnrin ní Kàbà pé CBT ló jẹ́ kí n tún lè wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà, ìbéèrè ò tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ń dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń fi WhatsApp béèrè láàárín òru. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí ẹni tó tọ́jú mi kọ́ mi, ohun tí mo kà lẹ́yìn náà, àtohun tójú mi rí ni mo fi dáhùn.

Àǹtí, ṣé CBT ti JAMB yẹn náà ni?

Rárá o! Ọmọ mi náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé mo tún fẹ́ wọ yunifásítì ni. Ti JAMB, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni. Èyí tí mò ń wí, ìtọ́jú ọkàn ni, cognitive behavioural therapy lóyìnbó. Bí wọ́n bá ní kí n fún un lórúkọ lédè wa, ìtọ́jú èrò àti ìṣe ni mo máa pè é. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí àgbo. Ìwọ àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ ló máa jókòó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wàá gba iṣẹ́ lọ sílé.

Ohun tó dúró lé ni pé ohun tí à ń rò, bí ara ṣe ń ṣe wá, àtohun tí à ń ṣe so mọ́ra wọn bí okùn ìdè ewúrẹ́. O fa ọ̀kan, ìyókù á tẹ̀ lé e. A kò lè pàṣẹ fún ìbànújẹ́ pé kó dìde kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n a lè yẹ èrò tó gbé e wá wò, a sì lè yí ohun tí à ń ṣe padà.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Àwọn méjì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Albert Ellis bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950. Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Pennsylvania, tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1960. Beck ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ń bá jà máa ń ní èrò kan tó ń já wọnú orí wọn láìpè é: “Mi ò wúlò,” “Kò sóhun tó máa dáa.” Ó ní dípò ká máa walẹ̀ ìgbà èwe fún ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ ká mú èrò náà gan-an ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pé ẹni 100 ọdún kó tó kú ní 2021.

Àwa náà kò ṣàì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé àròkàn ní ń fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú yàrá yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Lọ́kọ́jà fẹ́ kọlu tírélà kan, a yà sínú koto. Kò sẹ́ni tó kú, orúnkún mi nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, àyà mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní lè mí kanlẹ̀. Èrò tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé, “Àyà mi ti fẹ́ dúró, ikú rèé.” Mo ṣíwọ́ ìrìn àjò. Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, oògùn oorun ni wọ́n kó fún mi, wọn ò bi mí ní ìbéèrè méjì. Mo sùn dáadáa, mi ò sì rin ìrìn àjò síbẹ̀.

Nígbà ọlidé gígùn, ọkọ àbúrò mi wá gbé mi lọ sí Ìlọrin. Mo di ojú mi láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Òmù-Àrán. Ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú náà. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ìgbà mélòó ni irú èyí ti ṣe yín?” Mo ní bóyá ogún. Ó ní, “Nínú ogún yẹn, ìgbà mélòó lẹ kú?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ní 1986, David Clark, onímọ̀ kan ní Oxford, kọ ọ́ pé irú ìpayà bẹ́ẹ̀ máa ń wá nígbà tí èèyàn bá ka ohun tí ara ń ṣe sí àmì ikú. Àyà lù, o ní ikú ni. Ẹ̀rù ikú mú kí àyà túbọ̀ lù. O ní o kúkú ti sọ ọ́. Yíyípo ni. Ó ní kí n dìde, kí n sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan. Àyà mi ń lù bí ìlù ọdún, ó sì ní, “Ṣé ikú nìyí, àbí eré?” Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo ti gbọ́ kò ṣe ohun tí ìṣẹ́jú kan yẹn ṣe fún mi.

Lẹ́yìn náà la kọ àtẹ̀gùn, láti orí ohun tí kò dẹ́rù bà mí púpọ̀ dé orí èyí tó burú jù. Kí n dúró ní gáréèjì Kàbà fún ìdajì wákàtí. Kí n jókòó sínú ọkọ̀ tí wọn ò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí. Kí n bá a dé Ọbájànà, kí n padà. Kí n dé Lọ́kọ́jà. A kì í fò kọjá àtẹ̀gùn kan, a kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ṣì wà lókè téńté. A máa ń dúró títí á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé kan sì wà lọ́wọ́ mi tí mo fa ìlà sí: ohun tó ṣẹlẹ̀, èrò tó wá, ẹ̀rí tó gbè é, ẹ̀rí tó takò ó, èrò tó tọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejìlá la jókòó, mẹ́fà lójúkojú, mẹ́fà lórí fóònù, lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé mi níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé.

Iye yẹn kò ṣàjèjì. Ìjókòó bíi mẹ́fà sí ogún ló wọ́pọ̀, kò sì sábà ju wákàtí kan lọ.

Irú àìsàn wo ló wúlò fún jù?

Ìpayà òjijì, ẹ̀rù ohun kan pàtó, àìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọgbẹ́ tí ìjàm̀bá tàbí ìwà ipá dá sí ọkàn, àti àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa fọwọ́ tàbí kó máa yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó lè sùn. Èyí tí àwọn èèyàn kì í retí ni àìróorunsùn. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, gbà á nímọ̀ràn pé CBT ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ oògùn. Inú bí mi díẹ̀ nígbà tí mo kà á, torí oògùn oorun tèmi.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu ni?

Ó ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ ṣọ́ra fún un. Ní 2023, Pim Cuijpers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 409 jọ lórí CBT fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn tó kópa lé ní 52,000. Nínú àwọn tó gba CBT, nǹkan bí 42 nínú 100 ni ara wọn yá dé ìwọ̀n tó hàn gbangba. Nínú àwọn tí kò gbà á, 19 ni. Ju ìlọ́po méjì lọ nìyẹn, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Àmọ́ ẹ yí iṣirò yẹn padà kẹ́ ẹ tún wò ó: 58 nínú 100 kò dé ibẹ̀. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń dá ara wọn lẹ́bi pé CBT kò ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pé o yọ̀lẹ. Ìwádìí kan náà kò fi hàn kedere pé CBT ta àwọn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ yòókù yọ. Òun ni wọ́n ṣèwádìí lé lórí jù, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ròkè.

Ó dáa ju oògùn lọ ni?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyàtọ̀ máa ń yọjú lẹ́yìn náà. Nínú ìwádìí Steven Hollon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí ara wọn ti yá fún ọdún kan. Àwọn tí wọ́n gba oògùn kúrò lọ́wọ́ wọn, àìsàn náà padà sí 76 nínú 100. Àwọn tó ti parí CBT, 31 ni. Ohun tí o ti kọ́ kì í tán bíi káàdì oògùn.

Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn da oògùn yín nù. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí inú rẹ̀ ń ròkè tó ń wálẹ̀ tó sì ń ná owó bí ẹni tó rí ìṣúra, oògùn ni ìpìlẹ̀ tiwọn. CBT lè ṣe ìrànlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè rọ́pò rẹ̀. Àti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára débi pé kò lè dìde wẹ̀, báwo ló ṣe máa kọ ìwé ìlà márùn-ún? Oògùn lè kọ́kọ́ gbé e dìde.

Níbo ni agbára rẹ̀ ti mọ?

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ń wá ibi tó máa jókòó sí kí ẹlòmíràn bá a gbé ẹrù, ó máa já a kulẹ̀. Bí o kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, owó ọkọ̀ lásán lò ń ná. Mo rí èyí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà, àwọn tó ń gbádùn kíláàsì tí wọn kì í ṣí ìwé nílé.

Èkejì, ohun tó wà níwájú ló ń tọ́jú jù. Àwọn kan, ọgbẹ́ wọn jìn: ọmọ tí wọ́n fi ṣọmọ ọ̀dọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n lù dàgbà. Ìjókòó méjìlá tó ń bi í pé “kí ni ẹ̀rí?” lè dà bí ìyà tuntun lójú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àkókò, ó sì nílò ẹni tó máa gbọ́ ìtàn rẹ̀ kó tó mú kálámù.

Ẹ̀kẹta, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú, ìṣòro wa kì í sì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá CBT lè jẹ́ kó fara da ọkọ tó ń lù ú. Mo ní kò yẹ kó fara dà á. Kò sí ohun tó ṣe èrò tirẹ̀. Àwọn ẹbí ni ká pè, bí wọn ò bá sì gbọ́, ká wá ibi tó máa sùn fún un.

Ọ̀fọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá kò ní èrò òdì kankan nínú orí. Ẹ jẹ́ kó sunkún.

Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èrò lásán ni ẹ̀rù wa?

Arákùnrin kan láti ìhà Yàgbà ló béèrè èyí, ohùn rẹ̀ le, mi ò sì bá a jà. Òun ni ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo wọn.

Rárá, kì í ṣe èrò lásán. Ìwé CBT kún fún àpẹẹrẹ ẹni tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn tàbí tó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Tiwa yàtọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti fi oko sílẹ̀, àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀ fi ra ẹ̀mí ará ilé wọn. Bí onítọ̀ọ́jú kan tó wà nínú yàrá amúlétutù bá ní kí àgbẹ̀ kan máa dá lọ sí oko etí igbó kí ẹ̀rù lè tán lára rẹ̀, òun gan-an ló nílò ìtọ́jú. Ẹ̀rù yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí onítọ̀hún.

Ohun tí ìtọ́jú náà lè ṣe níbẹ̀ kéré, ó sì wúlò: kó yọ ẹ̀rù tó ń ṣiṣẹ́ kúrò lára ẹ̀rù tó ń jẹ ẹni. Ẹ̀rù tó ní kí o má rìn lálẹ́, kí o bá ẹgbẹ́ lọ sóko, kí o fi ibi tí o wà tó ará ilé létí, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù tí kò jẹ́ kí o sùn nínú ilé tí o ti tìlẹ̀kùn, tó ń jẹ́ kí o na ọmọ torí ó ju ìgò ọtí sílẹ̀ tó dún gbà, ìyẹn ń jẹ ọ́. Ìkejì ni kí o gbé lọ bá onítọ̀ọ́jú. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọba àti àwọn ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n má sì fi CBT dá wa lóhùn.

Èmi náà ṣe irú ìyàtọ̀ yẹn. Mo kọ́ láti wọ ọkọ̀ láìgbọ̀n, àmọ́ mi ò wọ ọkọ̀ tó bá máa kúrò lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ebi ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe èrò. Kí ni CBT fẹ́ ṣe fún mi?

Ìwádìí kan wà ní Monrovia, Làìbéríà, tí Christopher Blattman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin 999, àwọn tó ń jalè tàbí tó ń jà kiri ìgboro. Wọ́n fún àwọn kan ní CBT ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n fún àwọn kan ní 200 dọ́là, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọn ò sì fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Owó nìkan kò pẹ́ tó fi tán. CBT nìkan dín olè àti ìjà kù, àmọ́ ipa rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bí àkókò ti ń lọ. Ìtọ́jú pẹ̀lú owó ló dúró jù, wọ́n sì ṣì ń rí ipa rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tí ebi ń pa, kí ó jẹun. Ẹni tó bá jẹun tán tí ọkàn rẹ̀ kò padà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Pásítọ̀ wa ní àdúrà tó. Ṣé kò takora?

Kò takora. Mò ń gbàdúrà kí n tó wọ ọkọ̀, mo sì tún ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń ta kókó ni “àwọn ayé.” Kí èèyàn kí ìyá kan lọ́jà, kí ìyá náà má dáhùn, kí onítọ̀hún sì sùn sórí èrò pé wọ́n ti ń ṣe òun. Onítọ̀ọ́jú tó gbọ́n kò ní bá ọ jiyàn bóyá ayé wà. Ó máa béèrè ohun mìíràn tó tún lè fà á tí ìyá náà kò fi dáhùn. Bóyá etí ń dùn ún. Bóyá gbèsè ló ń rò. Ó sì lè ní kí o tún kí i lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí o wò ó. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi fẹ́ràn CBT sí jù: kò ní kí o gbà gbọ́, ó ní kí o dán an wò.

Mo pàdé ẹnì kan rí tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ràn, tó fi gbogbo wákàtí kan wàásù fún mi, tó sì gbowó. Ìyẹn kì í ṣe CBT.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ṣé wọ́n lè ṣe é fún un?

Wọ́n lè ṣe é. Ìwé ìlà kọ́ ni ìtọ́jú náà. Ní Pakistan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí kì í ṣe dókítà lo irú CBT kan fún àwọn abiyamọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá. Ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2008, ó sì yọrí sí rere. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbátan CBT nìyẹn. Ríronú jù ni wọ́n ń pe àìsàn náà lédè tiwọn. Nígbà tí mo kà á, àwọn ìyá Kàbà wa ló wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n lè jókòó ti ẹni láti àárọ̀ di alẹ́.

Èdè nìṣòro. Onítọ̀ọ́jú tó kàwé lóyìnbó máa ń fẹ́ kí o sọ bí inú rẹ ṣe rí. Ìyá máa ní, “Orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi.” Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó lè gbọ́ pé ọkàn ni ìyá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá dárúkọ orí.

Níbo la ti lè rí i ní ìhà tiwa?

Kò wọ́pọ̀, mi ò ní tàn yín. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì tó wà ní Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn ọkàn, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ńlá ti Lọ́kọ́jà náà. Ẹ béèrè fún ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìrònú òun ìṣesí ẹ̀dá nílé ìwòsàn, clinical psychologist lóyìnbó. Kẹ́ ẹ sì bi í tààrà: “Ṣé ẹ máa fún mi níṣẹ́ lọ sílé? Ìjókòó mélòó lẹ rò pé ó máa gbà? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń lọ síwájú?” Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn kan fún mẹ́ta yìí, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣé mo lè fi ìwé tàbí fóònù ṣe é fúnra mi?

Bí kò bá le jù, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bí ẹnì kan bá ń pè ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti béèrè ibi tí o dé. Ẹni tó ń dá a ṣe láìsẹ́ni tó ń bi í, ó sábà máa ń fi í sílẹ̀ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́.

Ẹ má ka ìdáhùn yìí tán kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn kòkòrò oko kúrò nínú ilé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. CBT lè tẹ̀ lé e nígbà tí ewu bá ti kọjá.

Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti sàn pátápátá?

Lóṣù tó kọjá, tírélà kan fún fèrè lẹ́yìn wa nítòsí Ọbájànà. Mo di àga mú. Ọmọdékùnrin tó jókòó tì mí wo ọwọ́ mi, ó ní, “Mọ̀mí, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí. Mo ka ìmí mi títí tírélà náà fi kọjá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, mo ra ẹja tútù létí odò, mo sì tún wọ ọkọ̀ aago méjì padà wálé.